Iná Tí Ẹni Iwájú Dá

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ lójú ogun jẹ́ láti ju bọ́ǹbù. Ńṣe ló máa ń dọ̀bálẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú, tí yóò máa wo ilẹ̀ láti ojú gíláàsì. Bí kò bá tíì sọ pé ó tó, awakọ̀ kò gbọdọ̀ yà kúrò lọ́nà.

Lóru ọjọ́ kan, wọ́n rán ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ fọ́ afárá rélùwéè tí àwọn ọ̀tá fi ń kó ìbọn kọjá. Ọkọ̀ tí ọkùnrin yìí wà nínú rẹ̀ ló kẹ́yìn. Abúlé àwọn àgbẹ̀ kan wà lọ́nà kí wọ́n tó dé afárá.

Ìbọn ọ̀tá ń dún láti ìsàlẹ̀. Ẹ̀rù ba ẹni àkọ́kọ́, ó ju bọ́ǹbù tirẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú afárá, ó sá. Díẹ̀ péré ni o. Ẹni tó tẹ̀ lé e rí iná, ó rò pé afárá ló ń jó, ẹ̀rù mú kí òun náà ju tirẹ̀ díẹ̀ ṣáájú iná yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó kù ń ṣe, tí iná ń rìn padà sẹ́yìn, títí ó fi mú abà àgbàdo létí abúlé. Kò sí ìkankan nínú wọn tó gbèrò ibi sí abúlé.

Nígbà tó kan ọkùnrin yìí, ó rí iná, kò rí odò. Afárá wo ni kò lódò lábẹ́?

Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ má yà. Kò tíì tó.”

Oníbọn tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ pariwo, “Ṣé adìẹ ni ọ́? Yé ẹyin ọ̀hún, ká máa lọ!”

Ọta ìbọn fa apá ọkọ̀ ya. Awakọ̀ ní, “Àbúrò, mo lọ́mọ nílé o.”

“Àwọn tó ń sùn nísàlẹ̀ yìí náà bímọ, Ọ̀gá. Ẹ di ọkọ̀ mú.”

Awakọ̀ di ọkọ̀ mú. Wọ́n kọjá iná, wọ́n wọ òkùnkùn. Odò yọ, ó ń dán. Ìgbà náà ló tó kígbe pé ó tó, ó sì ju bọ́ǹbù. Afárá wó lulẹ̀. Wọ́n délé pẹ̀lú ihò lára ọkọ̀.

Ìwọ ìyá ọmọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, omi tí wọ́n ní kó hó kí ọmọ tó mu ún, bó bá ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lo ti ń gbé e kalẹ̀, torí èéfín. O ní díẹ̀ náà ló kù. Ìyàwó tuntun tó wà ní yàrá kejì, ìkòkò rẹ ló ń wò. Yóò gbé tirẹ̀ kalẹ̀ ṣáájú tìrẹ. Èéfín á ta wá lójú, a ó nù ún. Jẹ́ kí omi náà hó.