Àmì Orí "Wó"

Alága ìjọba ìbílẹ̀, Olóyè Gbádégẹṣin, fẹ́ wó ilé ìkàwé àtijọ́ tí àga olóògbé bàbá Fadérera ṣì wà lẹ́bàá fèrèsé rẹ̀. Nígbà tí Fadérera, lọ́yà tó di kánsẹ́lọ̀, bẹ̀ ẹ́, Alága pè é níjà pé kó gba ilé náà là láìyí ohunkóhun padà nínú ìwé ìpinnu tí òun ti buwọ́ lù. "Bàbá, ṣé a lè fi àmì kan ṣoṣo kún un?" "Agbẹjọ́rò, ibí kì í ṣe kóòtù. Èmi gan-an ò ní fi kún un," ni Alága wí, gbogbo ìgbìmọ̀ sì gbọ́. Fadérera kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó mú ìwé náà tọ awakọ̀ katakata tó wá wó ilé náà lọ, ó ní kó kà á. "Kí wọ́n wo ilé ìkàwé àtijọ́," ni ọkùnrin náà kà, nítorí akọ̀wé ti gbàgbé àmì òkè orí "wó". "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti wò ó?" "Mo ti wò ó, Lọ́yà." "Iṣẹ́ yín parí nìyẹn, ẹ máa lọ sílé." Awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ó yí katakata padà. Fadérera wọlé, ó jókòó sílẹ̀ níwájú àga bàbá rẹ̀, ó sì pa àṣẹ ìgbìmọ̀ mọ́ títí oòrùn fi wọ̀: ó ń wo ilé, ó ń wo àga.