Bí Ọmọ́ńlé Ṣe Di Ará Ẹ̀gbẹ́ Gílóòbù

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń ta gìtá, Ọmọ́ńlé kì í gbé inú ilé. Oko ló ń gbé bíi ti Alángbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, oòrùn sì ti sọ ara rẹ̀ di dúdú. Wọn kò tíì máa pè é ní Ọmọ́ńlé nígbà náà. Lámèyítọ́ lorúkọ rẹ̀, nítorí kò sí ohun tó rí tí kì í dá lẹ́jọ́. Bí wọ́n bá bu omi fún un, á ní omi ilé kejì tutù jù ú lọ.

Lọ́jọ́ kan, Lékeléke ti òkè òkun dé, ó sì gbé ampilifáyà kan bọ̀, àpótí ńlá tó máa ń gbé ohùn gìtá sókè. Gílóòbù mẹ́rin ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbóná, wọ́n á pọ́n bí ẹyin iná. Kókó méje ló wà níwájú rẹ̀ tí wọ́n ń yí. Yí i síhìn-ín, ohùn gìtá á rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu. Yí i sọ́hùn-ún, á máa bú bí ẹkùn. Kò sí irú orin tí kò lè gbè. Lámèyítọ́ fi gbogbo oko ilá rẹ̀ gba pààrọ̀ rẹ̀.

Àwọn ẹranko wá kí i kú oríire. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé Lámèyítọ́ kò mọ gìtá í ta rárá. Á fa okùn kan lẹ́ẹ̀kan, á di ojú, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Á ní ohùn náà nípọn nísàlẹ̀, ó fẹ́lẹ́ lókè, àárín rẹ̀ sì dà bí ẹ̀wà tí kò jinná. Ọ̀bọ tó jókòó tì í á máa mi orí bíi pé ó yé e.

Ìrẹ̀ ni ọ̀gá nídìí gìtá nígbà náà. Ìyá rẹ̀ ti darúgbó, etí rẹ̀ sì ń dí díẹ̀díẹ̀. Ìrẹ̀ tọ Lámèyítọ́ lọ, ó dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó yá òun ní àpótí náà fún ọ̀sán kan péré, kí ìyá òun lè gbọ́ orin òun kí etí náà tó dí pátápátá.

Lámèyítọ́ ní kò burú, ṣùgbọ́n òun kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò tán. Kó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún. Nígbà tí Ìrẹ̀ padà wá, Lámèyítọ́ ní kókó kẹrin ṣì ń da òun láàmú. Lẹ́yìn náà, ó ní àpótí náà kò fẹ́ ọ̀rinrin, kí òjò kọ́kọ́ lọ. Òjò lọ. Ó ní ọyẹ́ ti dé, ohùn inú ọyẹ́ kì í ṣe ohùn tòótọ́.

Nígbà tó yá, ìyá Ìrẹ̀ fúnra rẹ̀ tẹ ọ̀pá dé, ó jókòó síwájú àpótí.

"Lámèyítọ́ ọmọ mi," ó ní, "orin kan ṣoṣo ni mo wá gbọ́. Bó ṣe wù kó rí, mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

Ojú ti Lámèyítọ́, ó sì gbà. Ìrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta orin tí ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ìyá gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ tàn, ó sì ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ó dùn, ohun tó sì ń dun Lámèyítọ́ gan-an nìyẹn. Ìyá yìí ń gbádùn orin láìbi í léèrè pé ṣé ó dára. Lámèyítọ́ na ọwọ́, ó yí kókó kan. Orin fẹ́lẹ́. Ó yí òmíràn.

"Ẹ̀gbọ́n," Ìrẹ̀ ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ó kù díẹ̀ kó dáa," ni Lámèyítọ́ wí, ó sì yí méjèèje dópin.

Àpótí ké. Gílóòbù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọ́ túútúú, gbogbo ibẹ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́.

Ìyá rò pé etí òun ló dí. "Ó ti parí nìyẹn," ó ní. Ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Lámèyítọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì ń tẹ ọ̀pá rẹ̀ lọ sílé. Kò sẹ́ni tó rí gílóòbù mìíràn fi rọ́pò kí etí náà tó dí lóòótọ́.

Lámèyítọ́ kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni lóko mọ́. Ó sá wọ ilé àwọn ènìyàn lọ wá gílóòbù. Ó rí ọ̀kan lára ògiri, ó ń tàn. Ó gun ògiri lọ bá a, ó dúró tì í, ó ń retí kó kọrin. Gílóòbù kò kọrin. Lámèyítọ́ pòṣé.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń gbé inú ilé, tí wọ́n ń pè é ní Ọmọ́ńlé, tí ara rẹ̀ sì funfun bí ẹni tí oòrùn kò mọ̀. Ibi tí gílóòbù bá ti ń tàn, ẹ ó bá a níbẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ "ṣẹ̀-ṣẹ̀-ṣẹ̀" lára ògiri, òun ló ń pòṣé pé ohùn gílóòbù náà kò tíì dùn tó.