Ajá Tí Kò Wẹ̀yìn Wò

Òwe kan wà tí wọ́n máa ń pa ní Òkè-Àwùn, tó máa ń rú àlejò lójú. Wọ́n á ní: "Abiyamọ ajá tó gbàgbé ọmọ, má tẹ̀ lé e wọgbó." Àlejò á bèèrè pé kí ló kan igbó nínú ọ̀rọ̀ ọmọ. Ṣé ajá tí ọkàn rẹ̀ kò sí nílé mọ́ kọ́ ló yẹ kó wúlò fún ọdẹ jù? Ẹni tó bá bèèrè bẹ́ẹ̀, ìtàn tí wọ́n máa ń sọ fún un nìyí.

Ọdún tí eṣú jẹ àgbàdo Òkè-Àwùn tán ni. Kò sí ilé tó ń dáná lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Àgbà ń mu omi gbígbóná sùn, àwọn ọmọdé sì ń lá ìsàlẹ̀ ìkòkò tí wọ́n ti lá lánàá. Ẹran ìgbẹ́ pàápàá ti sá jìnnà. Ọdún yẹn gan-an ni Tanímọ̀la, ajá Ọdẹ́yalé, bímọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdìrò.

Ní ìlú náà, bí ajá ọdẹ bá bímọ, ìyàwó ọdẹ ló ń tọ́jú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyálọ́mọ. Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọdẹ́yalé, tẹ́ àkísà gbígbẹ sábẹ́ rẹ̀, bó bá sì ti tutù, á pààrọ̀ rẹ̀. Ó gbé igbá omi síbi tí ẹnu ajá náà lè tó láìdìde, nítorí pé bí ìyá bá ń wá omi kiri, òtútù á mú ọmọ. Ó ń fún un ní ògì lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó fọ́ ẹja gbígbẹ sí, díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́. Nínú ìpín tirẹ̀ ló ti ń bu ògì náà. Bí ọmọdé kan bá nawọ́ láti gbé ọmọ ajá, á ní, "Káwọ́ rẹ kúrò. Ìyá wọn ò tíì fà wọ́n lé ọ lọ́wọ́." Títí ojú àwọn ọmọ náà yóò fi là, ọdẹ kò gbọdọ̀ mú ìyá wọn lọ sígbó.

Ọdẹ́yalé mọ àṣà yìí dáadáa. Ẹnu rẹ̀ ló kó bá a. Níbi tí àwọn ọdẹ jókòó sí, ẹnìkan sọ pé igbó ti ṣófo. Ọdẹ́yalé fò dìde.

"Ẹ̀yin lẹ ò ríran. Ẹfọ̀n wà nínú igbó yẹn. Bí mi ò bá gbé e wálé kí oòrùn ọ̀la tó wọ̀, ẹ wá gba ìbọn lọ́wọ́ mi, kí ẹ fún mi ní abẹ̀bẹ̀, kí n máa bá ìyàwó mi fẹ́ná."

Láṣebìkan, ọ̀rẹ́ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Abẹ̀bẹ̀ wà nílé wa, tuntun ni. Màá bá ọ lọ, kí n lè rí ẹfọ̀n tó ń dúró dè ọ́."

Bí ilẹ̀ ti mọ́, Ọdẹ́yalé so okùn mọ́ Tanímọ̀la lọ́rùn. Àwẹ̀ró dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Baálé mi, ojú àwọn ọmọ yìí ò tíì là."

"Ojú tèmi ti là."

"Ẹ wo ọmú rẹ̀, ó kún débi pé ó ń kán sílẹ̀. Bí ẹ ò bá tètè dá a padà, ebi á pa gbogbo wọn kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá ajá ẹlòmíràn."

"Ajá ta ni? Ta ló tún mọ ipa ẹfọ̀n nílùú yìí? Àbí o fẹ́ kí n di ẹni yẹ̀yẹ́?"

"Ẹni tó fọ́nnu ni kó lọ," ni Àwẹ̀ró wí, "kì í ṣe ẹni tó bímọ."

Ọdẹ́yalé fa okùn, ó kọjá lára rẹ̀, òun àti Láṣebìkan sì kọrí sígbó.

Gbogbo ọ̀nà ni ajá náà fi ń yí ọrùn padà sílé. Wọn á fà á, á rìn díẹ̀, á tún dúró. Wàrà ń kán lára rẹ̀ sórí ewé gbígbẹ bí wọ́n ti ń lọ. Nígbà tí wọ́n wọ inú igbó dáadáa, ó fi eyín gé okùn, ó sì kó wọ inú ewé. Ọdẹ́yalé pè é títí, kò dáhùn.

Kò pẹ́ ni ewé mì níwájú wọn, ajá sì jáde. Àwọ̀ Tanímọ̀la nìyẹn, etí rẹ̀ tó ya nìyẹn. Ó nàró, ó sì kọrí síwájú láìwẹ̀yìn wò.

"Ṣé o rí i?" ni Ọdẹ́yalé wí. "Ó ti gbàgbé wọn."

Wọ́n tẹ̀ lé e. Wọ́n rìn títí ẹsẹ̀ fi ń dùn wọ́n, síbẹ̀ òjìji igi kò kúrò lójú kan. Ẹyẹ kankan kò ké. Ajá náà kò gbóòórùn ilẹ̀, kò sì dúró tọ̀ sí ìdí igi kankan. Wọ́n dé ibi odò kékeré kan, ó sì fò ó. Bó ṣe nà lókè omi ni Ọdẹ́yalé rí abẹ́ ikùn rẹ̀. Ikùn náà lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Ọmú rẹ̀ gbẹ, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti ajá tí kò bímọ rí láyé.

Ọdẹ́yalé dúró ní bèbè odò. "Láṣebìkan, dúró. Ajá wa kọ́ nìyẹn."

Láṣebìkan ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lódìkejì odò. "Wo ẹsẹ̀ ẹfọ̀n! Omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sun sínú rẹ̀ ni!"

"Mo ní ajá wa kọ́ nìyẹn. Ọmú rẹ̀ gbẹ."

"Àbí abẹ̀bẹ̀ ti ń wù ọ́?"

Ọdẹ́yalé pariwo, "Tanímọ̀la!"

Ohun tó wà níwájú wọn dúró. Kò yí orí padà. Ó kàn dúró bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó ń dúró de ọmọ tí kò lè yára rìn. Láṣebìkan rẹ́rìn-ín, ó gbé ìbọn lé èjìká, ó sì lọ bá a. Ewé pa dé mọ́ àwọn méjèèjì.

Ọdẹ́yalé pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi ha. Nígbà tó yíjú padà, kò mọ ọ̀nà mọ́. Ó rìn kiri títí, ó ń wo ilẹ̀, kó tó rí èèrà tó ṣù jọ sórí ewé kan. Ó wolẹ̀ wò ó: wàrà Tanímọ̀la ni wọ́n ń lá. Níwájú díẹ̀, òmíràn wà. Lórí ìkúnlẹ̀ ló ti ń tọ ipa àwọn èèrà náà, láti ewé dé ewé, títí tó fi gbọ́ tí ẹnìkan ń gún nǹkan nínú odó.

Ó bá Tanímọ̀la lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdìrò, tí àwọn ọmọ so mọ́ ọn lọ́mú. Àwẹ̀ró ń fún un ní ògì.

"Ìgbà wo ló dé?"

"Ó ti pẹ́. Èmi rò pé ẹ̀yin lẹ dá a padà. Ọ̀rẹ́ yín dà?"

Àwọn ọdẹ wá Láṣebìkan kiri. Àpò, fìlà àti ìbọn rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí. Ó ti fi àpò àti fìlà kọ́ ẹ̀ka igi kan ní àárín igbó, ìbọn rẹ̀ sì fara ti ìdí igi náà, gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin ṣe ń ṣe tó bá ti dé ilé ara rẹ̀.

Kò sí ẹni tó bèèrè ìbọn lọ́wọ́ Ọdẹ́yalé. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ síwájú ìyá Láṣebìkan, ó dọ̀bálẹ̀. Obìnrin náà kò wo ìbọn.

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ lọ," ló wí. "Ta lẹ tẹ̀ lé?"

"Ìyá, ajá ni. Ó jọ ajá mi. Ó ń lọ láìwẹ̀yìn wò."

"Ajá tó fi ọmọ sílẹ̀ láìwẹ̀yìn wò, tí ọmú rẹ̀ ṣì ń kán?"

Ọdẹ́yalé sún ìbọn náà mọ́ ẹsẹ̀ ìyá náà.

"Abiyamọ ajá kì í gbàgbé ọmọ," ni obìnrin náà wí. "Èyí tí ẹ rí tó gbàgbé, ìgbà yẹn ló yẹ kí ẹ ti mọ̀ pé kì í ṣe ajá."

Ìdí nìyẹn. Bí ẹnìkan tó kọ ọmọ ara rẹ̀ sílẹ̀ lébi bá dìde ní Òkè-Àwùn, tó ní òun fẹ́ ṣíwájú àwọn ará ìlú lọ síbi tí ẹran wà, àwọn àgbà kì í bá a jiyàn. Wọ́n á kàn wo ara wọn lójú, ọ̀kan á sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́: abiyamọ ajá tó gbàgbé ọmọ, má tẹ̀ lé e wọgbó.