Dídùn Dé, Oyin Kò Dé

Mosúnmọ́lá, Ìyá Kúdí ọlọ́ṣẹ ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé o ti di ẹrù láti tẹ̀ lé ọkùnrin kan lọ. Mo bi ọ́ pé ta ni. O ní, "Ìyá mi, ó ga, ó pupa, ó lawọ́, ohùn rẹ̀ tutù." Mo tún bi ọ́ pé ta ni, ọmọ agbolé wo. O rẹ́rìn-ín, o ní a ò tíì dé ibi orúkọ.

Ní kíláàsì àgbà tí a jọ ń lọ, tísà ní kí a máa ya orúkọ nǹkan sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ tó ń ṣàpèjúwe rẹ̀. Ó ní lẹ́nu òyìnbó, àpèjúwe ló ń ṣáájú: ńlá á kọ́kọ́ wọlé, ilé á máa bọ̀ lẹ́yìn. O ò tíì mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Gbọ́ èyí.

Ọkùnrin apẹja kan wà, ìyàwó rẹ̀ bímọ, ọjọ́ kẹjọ pé, kò sí oyin nílé. Ìyá ọkùnrin náà ní, "Wá oyin lọ. Bí oòrùn òní bá wọ̀ bá ọmọ yìí láìlórúkọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ pè é lókùnkùn ló ni ín."

Ó wọ ọkọ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Kùrukùru bo odò, àjẹ̀ rẹ̀ kò dún. Ó gbọ́ ariwo ọjà kan tó rọ̀ bí òwú, ó gúnlẹ̀ síbẹ̀. Pupa ń tàn lórí àtẹ, kò sí aṣọ lábẹ́ rẹ̀. Tútù wà nínú igbá, kò sí omi. Gbígbóná ń yọ èéfín, kò sí ẹ̀kọ. Obìnrin kan ṣí ìkòkò, dídùn bo ọkùnrin náà lójú, itọ́ kún ẹnu rẹ̀.

"Ṣé oyin ni?"

"Bàbá ìkókó, ó dùn ẹ tún ń bèèrè? Ẹ̀yin yìí, ẹ ti ń gbó o!"

Ojú tì í. Ó fi gbogbo ẹja inú ọkọ̀ rẹ̀ gbà á.

Nígbà tó délé, ẹbí ti pé. Ìyá rẹ̀ ki ìka bọ ìkòkò, ó fi kan ahọ́n ọmọ. Ọmọ lá a, ó lá a, kò rí nǹkan kan gbé mì, ó figbe ta.

Ìyá àgbà ní, "Dídùn rèé. Oyin dà?"

Àwọn àlejò ti ń wá fìlà wọn. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Ọkùnrin náà sá wọ inú igbó ẹ̀yìn ilé, ó tọwọ́ bọ ihò igi, oyin ta á títí ojú rẹ̀ fi dí. Ohun tó gbé bọ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ó korò díẹ̀, ìdọ̀tí wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n oyin ni. Ọmọ gbé e mì, ó dákẹ́, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Bàbá rẹ̀ san ohun tó jẹ ẹ́.

Mosúnmọ́lá, mi ò ní kí o má lọ́kọ. Opó ni mí, mo mọ bí yàrá ṣe ń tutù. Gíga ti dé ọ̀dọ̀ rẹ, pupa ti dé, ohùn tútù ti dé. Ẹni tó ni wọ́n dà? Orúkọ ló jẹ ọ́. Jókòó lé ẹrù rẹ lórí títí yóò fi san án.