Púlọ́ńbà Tí Onílé Fọwọ́ Sọ̀yà Fún

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo máa wo púlọ́ńbà lójú, màá ti mọ̀ bóyá olóòótọ́ ni," ni Bàbá Ògúnṣínà, onílé tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wí. Púlọ́ńbà tó mú wá ní páìpù ilé ìdáná Ìyá Mojírọ́lá, ayálégbé ìsàlẹ̀, ló ń jò tó ń rin ògiri ibẹ̀. Onílé ní kí obìnrin náà fowó ara rẹ̀ hú gbogbo páìpù náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kó jáde. Kàsálí, púlọ́ńbà tí Ìyá Mojírọ́lá fúnra rẹ̀ pè, kàn gbójú sókè, ó ní, "Ìyá, omi kì í gun àtẹ̀gùn. Òkè ló ti ń bọ̀." Onílé lé e dànù. Ìyá Mojírọ́lá ò bá a jà. Ó gòkè lọ kí ìyàwó onílé, ó tọrọ àyè láti yà sí balùwẹ̀, ó sì da búlúù ìfọṣọ sínú ihò tí omi ń gbà lọ. Nígbà tí onílé wẹ̀ tán, ó sọ̀ kalẹ̀ wá lé ayálégbé. Ó fọwọ́ gbá ògiri tó rin náà: "Ṣé kì í ṣe páìpù ẹ ló ń jò yìí?" Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dà bíi ti aláró. "Bàbá, ẹ̀bà ni mò ń tẹ̀ níbí o, mi ò pa aró. Balùwẹ̀ yín ni mo da búlúù sí láàárọ̀." Onílé wo ọwọ́, ó wo òkè, ó ní kí wọ́n pe Kàsálí padà. Lọ́jọ́ kejì, Kàsálí ń fọ́ balùwẹ̀ òkè, Ìyá Mojírọ́lá ń dáná, Bàbá Ògúnṣínà sì rọra ń gbé korobá omi lọ wẹ̀ lẹ́yìnkùlé.