Àká Tí Ògúnmọ́dẹdé Kàn Sínú Yàrá Ìránṣọ

Ẹ bá mi wò ó: ìgbọ̀nwọ́ ń bẹ lápá, ẹsẹ̀ ń bẹ nílẹ̀. Kí ló wá pa wọ́n pọ̀ tí àwọn ará Ìdí-Òro fi máa ń sọ pé, "Ìgbọ̀nwọ́ aránṣọ ni ẹsẹ̀ tábìlì"? Ẹ fara balẹ̀. Ògúnmọ́dẹdé ló fà á, òun àti ẹnu rẹ̀.

Àká àgbàdo ni Ògúnmọ́dẹdé ń kọ́, eku kan kò sì gun àká rẹ̀ rí. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀, àgékù aṣọ tí àwọn télọ̀ dà nù ló ń tò pọ̀, tí yóò rán an di ìbora aláràbarà. Orí ẹní ló ti ń yí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, títí orúnkún fi kọ̀ fún un. Ìbora tí Ìyùnadé ọmọ wọn yóò gbé lọ sílé ọkọ sì wà nílẹ̀, kò tíì dé ìdajì.

"Bí n kò bá rí nǹkan gbé ẹ̀rọ yìí lé," Àwẹ̀ró wí, "ẹlòmíràn ni yóò rán ìbora ọmọ mi."

"Lójú èmi Ògúnmọ́dẹdé? Jáde nínú yàrá náà. Tábìlì tí mo fẹ́ kàn, ẹni tó bá gbọ́ nípa rẹ̀ yóò béèrè ọ̀nà ilé wa."

"Ẹ jẹ́ kí n jókòó, kí ẹ wọ̀n mí ná."

"Ṣé ìwọ ni mo fẹ́ kan ìṣó mọ́ ni?"

Ó pa ilẹ̀kùn dé. Kí tilẹ̀ ni tábìlì? Àká tí kò ní òrùlé náà ni. Ó wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń wọn ti àká, láti ilẹ̀ dé àyà ara rẹ̀. Ó fi páànù yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin po kí eku má baà gùn ún lọ jẹ aṣọ. Díẹ̀ ló kù kó fi koríko bò ó.

Àwẹ̀ró wọlé, ó dúró tì í. Àgbọ̀n rẹ̀ ló bá tábìlì dọ́gba.

"Bàbá Ìyùnadé, ẹ kú iṣẹ́. Ibo ni kí n gbà da àgbàdo sí i?"

"Eku kankan ò lè gùn ún."

"Èmi náà ò lè gùn ún."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Ó fa ayùn yọ. Lọ́tẹ̀ yìí, àpótí ìjókòó ló fi wọ̀n ọ́n: ṣebí ọmọ ìyá kan náà ni àpótí àti tábìlì? Àwẹ̀ró jókòó, orúnkún rẹ̀ kò ráyè wọ abẹ́ igi.

"Ẹ kọ́ àká tán, ẹ wá kan àpótí."

Kò bínú. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí ká ìbora náà, láti gbé e fún aránṣọ mìíràn. Nígbà tí Ògúnmọ́dẹdé rí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ lára aṣọ ọmọ wọn, ó gbé ayùn sílẹ̀.

"Ìyá Ìyùnadé," ó wí jẹ́jẹ́, "jókòó. Ká apá rẹ."

Ó wọ̀n ọ́n láti ìgbọ̀nwọ́ dé ilẹ̀, ó sì gé ẹsẹ̀ mìíràn lára igi tuntun. Àwẹ̀ró gbé ẹ̀rọ lé e, ó yí i, aṣọ ń sáré lábẹ́ abẹ́rẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń pè nílé. Ìbora parí. Ìyùnadé gbé e lọ sílé ọkọ.

Ògúnmọ́dẹdé wá ní kí òun náà jókòó sídìí iṣẹ́ ọwọ́ òun. Itan rẹ̀ há sábẹ́ tábìlì. Ó dìde, tábìlì bá a dìde.

"Tábìlì yìí kéré," ó ní.

"Kí lẹ fẹ́ fi rán?"

Ẹ̀rín ló pa á jókòó padà. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kó wá kọ́ àká, yóò ní, "Ta ni yóò máa kó àgbàdo jáde níbẹ̀? Ẹ pè é wá kí n wọ̀n ọ́n." Bí wọ́n bá béèrè ìdí, yóò gbé àyà sókè, yóò sì pa òwe ìgbọ̀nwọ́ náà bí ẹni tó bí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, Àwẹ̀ró yóò sì máa wò ó níran. Ẹni tí yóò lo nǹkan ni a fi ń wọn nǹkan: ìgbọ̀nwọ́ aránṣọ ni ẹsẹ̀ tábìlì.