Bátìrì Tó Ń Jẹ Àkàrà

Nígbà tí Bàbá Ẹfọ̀n wà láyé, kò sí àárọ̀ tí katakata kékeré tó fi ń túlẹ̀ kì í jí. Bàbá á gùn ún, á yí kọ́kọ́rọ́, èéfín á yọ, ìyàwó rẹ̀ á sì ké láti ìdí ààrò pé, "Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ o!" Kó tó sọ ọ́ tán, Bàbá ti dé ọ̀nà oko. Ó ti lọ nìyẹn.

Bàbá Ẹfọ̀n kú nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, Ìyá Ẹfọ̀n gun katakata fúnra rẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Katakata ní "tíkí," ó dákẹ́. Erin aládùúgbò wọn tì í títí etí rẹ̀ fi ń gbọ̀n bí ewé kókò. Katakata rìn, kò jí. Bẹ́ẹ̀ bí ilẹ̀ bá tún gbẹ kí wọ́n tó gbin àgbàdo, kí ni àwọn ọmọ máa jẹ lọ́dún náà?

Ibẹ̀ ni Òkété yọ sí wọn. Ó ṣí ìdérí bátìrì, ó rí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun lórí ibi méjèèjì tí wáyà so mọ́. Ó mi orí bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀.

"Ìyá, ebi ló ń pa á."

"Ebi kẹ̀?"

"Ẹ ò rí i bí ẹnu rẹ̀ ṣe funfun? Àkàrà gbígbóná ló ń jẹ. Ẹ jẹ́ kí ata pọ̀ níbẹ̀."

Erin ní, "Èmi ò rí eyín lẹ́nu ẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, eyín tó yọ síta lẹ́nu yín yìí, ṣé òun lẹ fi ń jẹun?"

Ìyá Ẹfọ̀n dín àkàrà.

Òkété ní, "Ó yá, ẹ lọ dúró lẹ́yìn igi ọ̀hún. Ojú máa ń tì í láti jẹun níwájú ènìyàn."

Bí wọ́n ti kúrò, ó di àkàrà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó di sí tòsì, ó gbé ìyókù mì. Lẹ́yìn náà ló fa igbá omi kán-ún yọ lábẹ́ ìjókòó katakata, ó fọ orí bátìrì mọ́, bó ṣe máa ń rí Bàbá Ẹfọ̀n ṣe é nígbà tó bá yọjú láti inú ihò rẹ̀. Katakata jí! Erin yìn ín títí. Ẹnu Òkété kún, kò lè dáhùn. Wọ́n ní onírẹ̀lẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n relé, Òkété ti ìrù bọ omi iyọ̀, ó fi kun orí bátìrì. Kò pẹ́ tí funfun náà tún fi yọ. Bátìrì tún jẹ àkàrà. Ó jẹ mọ́ínmọ́ín. Ó bèèrè ẹyin.

Erin ní, "Àbí ó lóyún ni?"

"A ò tíì mọ̀," ni Òkété wí.

Ilẹ̀ ti ń gbẹ, oko kò sì tíì tú tán, lọ́jọ́ tí Òkété jẹ àjẹjù. Oorun gbé e kó tó fọ nǹkan kan, ìrù rẹ̀ sì nà gbalaja sórí bátìrì. Oró inú omi bátìrì, tó ń jẹ irin, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìrù.

"Yéè! Ìrù mi o! Omi kán-ún! Ó wà lábẹ́ ìjókòó!"

Ìyá Ẹfọ̀n sáré dé. "Kán-ún? Àkàrà ńkọ́?"

Erin ti mú àkàrà kan, ó fi ń ra ìrù náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ gbé e kúrò! Ata wà nínú ẹ̀!"

"Kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é," ni Ìyá Ẹfọ̀n wí.

"Wáyà dúdú ni kí ẹ kọ́kọ́ tú! Ẹ da omi kán-ún sí i, ẹ fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ so wáyà padà, kí ẹ fi òrí pa á! Bí Bàbá ṣe máa ń ṣe é nìyẹn!"

Ìyá Ẹfọ̀n dúró. "Bàbá ló ń ṣe é?"

"Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn."

"Kò sọ fún mi."

"Ẹ ò bi wọ́n."

Ìyá Ẹfọ̀n gbé igbá omi kán-ún náà. Òkété na ìrù. Ìyá Ẹfọ̀n ní, "Ní sùúrù. Bátìrì ló kọ́kọ́ ṣàìsàn."

Omi kán-ún hó yẹ́ẹ́ lórí bátìrì. Katakata jí, lẹ́yìn náà ló tó kan ìrù. Ọjọ́ náà ni oko tú tán.

Ẹni tó bá ń ti ara àìsàn ẹlòmíràn jẹun, kó má sùn ti aláìsàn. Ẹ wo ìrù òkété: láti ìdajì dé ṣóńṣó, funfun ni. Ìyá Ẹfọ̀n ló sì ń fi òrí pa orí bátìrì báyìí.